Git: Kí ló dé tí ẹ̀kọ́ àtijọ́ fi ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ láàmú?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kóòdù ní Àyèká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkìtìpupa nílẹ̀ Ìkálẹ̀, kò ní pẹ́ pàdé Git. Sọ́fítíwíà tó ń pa ìtàn iṣẹ́ mọ́ ni: ta ló yí kí ni padà, ọjọ́ wo, kí ló fà á, báwo la sì ṣe lè padà sí ti ìjẹta bí ti òní bá bàjẹ́. Iléeṣẹ́ tó ń wá olùkọ-kóòdù, ì báà jẹ́ ní Yábàá l'Ékòó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í sábà béèrè bóyá o mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti gbà pé o mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ èdè wa náà wà níbẹ̀. Kóòdù YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, wà lórí ìkànnì GitHub fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó.

Ẹ̀kọ́ Git kò ṣọ̀wọ́n. Àpọ̀jù rẹ̀ gan-an ni wàhálà, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti gbó, kò sì sí ohun tó fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ àṣẹ bí ìwé ṣe wí gẹ́lẹ́, kọ̀ǹpútà á dá a lóhùn pé “fatal”, òun náà á sì gbà pé orí òun ni kò pé. Ó ṣọ̀wọ́n kó fura sí ìwé.

Oṣù kẹrin ọdún 2005 ni Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tó dá Linux sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ Git, lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ tó ni BitKeeper, sọ́fítíwíà tí wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, kọ̀ láti jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe Linux máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ní oṣù keje ọdún náà ló gbé e lé Junio Hamano lọ́wọ́, ẹni tó ń bójú tó o títí di òní. Nígbà yẹn, àmì ìsopọ̀ wà láàárín àṣẹ Git: git-add, git-commit. Nígbà tí Git 1.6.0 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, wọ́n kó àwọn àṣẹ oní-àmì wọ̀nyí kúrò níbi tí kọ̀ǹpútà ti máa ń wá wọn. Àlàfo ló rọ́pò àmì náà, ó di git commit. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nínú ìwé ìlànà Git fúnra rẹ̀, git-commit ni àkọlé ojú ìwé yẹn ṣì ń jẹ́.

Èyí tó ń fìyà jẹ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ jù lọ ni ti páàsíwọ́ọ̀dù. Láyé àtijọ́, bí o bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́ sórí GitHub, wàá tẹ orúkọ rẹ, wàá tẹ páàsíwọ́ọ̀dù, ó parí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2021, GitHub fòpin sí i. Láti ọjọ́ náà, tókìn tí wọ́n bá ṣe fún ọ tàbí kọ́kọ́rọ́ SSH ni wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n fídíò tí wọ́n ṣe ní 2017 kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè wọ inú fídíò lọ tún un ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ páàsíwọ́ọ̀dù tó tọ̀nà, wọ́n á kọ̀ ọ́. Á pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á tún kọ̀ ọ́. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé Git yàtọ̀ sí GitHub. Git wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò sí iléeṣẹ́ kan tó ni ín. GitHub jẹ́ ilé ìtọ́jú iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Microsoft ló sì rà á ní 2018. Onílé ló ṣòfin tuntun. Git kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ti orúkọ ẹ̀ka àkọ́kọ́ (“branch”), ìlà tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú Git, tún wà níbẹ̀. “master” ni gbogbo ènìyàn ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2020, Git 2.28 fún oníkálukú láyè láti yan orúkọ tó wù ú, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá, GitHub sọ orúkọ ẹ̀ka yìí di “main” fún iṣẹ́ tuntun gbogbo. Àwọn ará Òkìtìpupa mọ bí irú èyí ṣe ń rí. OSUSTECH ni yunifásítì wọn ń jẹ́ kí ìjọba tó fi sọrí Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà kan rí, tó wá di OAUSTECH. Ilé kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó mú ìwé àtijọ́ dání yóò ṣì máa wá orúkọ tí kò sí lára pátákó mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ git push origin master nígbà tó jẹ́ main ni ẹ̀ka rẹ̀ ń jẹ́ yóò rí i kà pé “src refspec master does not match any”. Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lánàá? Ohun tó tún mú un lọ́jú pọ̀ ni pé Git fúnra rẹ̀ kò tíì yí padà bíi ti GitHub: àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ti kéde pé ìgbà tí Git 3.0 bá dé ni main yóò di orúkọ tí yóò máa fúnra rẹ̀ yàn.

Àwọn ìyípadà kan kò sì pa ti àtijọ́ rẹ́. Git 2.23, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, mú git switch àti git restore wá, kí wọ́n lè pín ẹrù git checkout, tó ń dá ṣe iṣẹ́ méjì tí kò jọra: bíbọ́ sórí ẹ̀ka mìíràn, àti dídá fáìlì padà sí bó ṣe wà. Checkout ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ìwé àtijọ́ kò parọ́. Ọdún gbọọrọ ni ìwé ìlànà Git fi kìlọ̀ pé ìdánwò ni àwọn àṣẹ tuntun náà ṣì jẹ́, kò sì yani lẹ́nu pé àwọn olùkọ́ lọ́ra láti fi wọ́n kọ́ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á ka checkout nínú ìwé, git status á ní kó lo restore, kò sì ní mọ̀ pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wí.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí á ṣí ojú ìwé mìíràn. Ní gúúsù Oǹdó, ọ̀pọ̀ ọdún ni iná ìjọba fi jẹ́ àwátì, owó dátà sì ń dunni. Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ń dá ni pé kí wọ́n wa fídíò àti PDF sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì máa fi fláàṣì tàbí WhatsApp pín in. Ohun tí a bá wà sílẹ̀ kì í mọ̀ pé ayé ti yí. Ẹ̀gbọ́n á fún àbúrò, àbúrò á fún ọ̀rẹ́, páàsíwọ́ọ̀dù 2017 á sì máa rìn láti fóònù dé fóònù.

Àmọ́, ìwé kan wà tí kì í gbó ju Git tó wà lọ́wọ́ ẹni lọ, kò sì gba dátà. Inú Git náà ló wà. Tẹ git --version, wàá mọ èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ. Tẹ git help tutorial, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ á ṣí. Git help everyday á fi àwọn àṣẹ tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́ hàn ọ́. Lórí Windows, bùráúsà ló máa ń ṣí, ṣùgbọ́n láti inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni. Ìwé yìí àti Git yẹn ni wọ́n jọ dé, nítorí náà ọjọ́ orí wọn bára mu. Èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gbẹ, mi ò ní purọ́. Pro Git, ìwé Scott Chacon àti Ben Straub tí ẹ̀dà rẹ̀ kejì jáde ní 2014, rọrùn láti kà jù ú lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Èyí tó wà lórí ìkànnì Git ni kí ẹ kà, nítorí wọ́n ṣì ń tún un ṣe, PDF tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́ kò ní àtúnṣe yẹn.

Ti tókìn àti kọ́kọ́rọ́ SSH ni git help kò lè là yé yín bí GitHub ṣe fẹ́ ẹ. Ìyẹn gba dátà díẹ̀, lórí ìkànnì GitHub fúnra rẹ̀.