Ìwé Kékeré fún Ọ̀rọ̀ Inú

Ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kọ. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ó jẹ́ pé bí ẹ bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ yín ní ìdálẹ̀, akọ̀wé tí ń bá ni kọ lẹ́tà ni ẹ ń lọ bá? Ẹ̀yin ń sọ, òun ń kọ. Gbogbo àṣírí ilé yín ni ó ń gbọ́. Ẹlòmíràn a gbé ohun tí ó dùn ún jù mì, nítorí kò fẹ́ kí akọ̀wé mọ̀. Ìyẹn ti tán. Nísinsìnyí ẹ lè bá ìwé sọ̀rọ̀ láìsí ẹnìkẹta.

Ìwé kékeré kan ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, tí ènìyàn lè máa kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kì í ṣe ìwé gbèsè, kì í sì í ṣe ìwé owó ọjà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa, bí ó ti rí lára wa, àti ohun tí a rò pé a ó ṣe sí i, ìwọ̀nyí ni a ń kọ sí i.

Kí ni èrè rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú orí kì í dúró lójú kan. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ lóru, ó lọ, ó bọ̀. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ náà ni ó tún ń padà sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀, ó níláti ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì ní òpin. Ẹ ó máa wò ó níwájú yín bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, James Pennebaker, dán irú èyí wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ọdún 1986 ni a tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde. Wọ́n kọ̀wé fún ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́, fún ọjọ́ 4. Àwọn kan kọ ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Àwọn kan kọ ohun tí ó bà wọ́n nínú jẹ́ jù láyé wọn, àti bí ó ti rí lára wọn. Bí àwọn wọ̀nyí ti kọ ọ́ tán, inú wọn tún bàjẹ́ sí i ni. Ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù tí ó tẹ̀lé e, wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn tó àwọn ìyókù. Àwọn mìíràn ti dán an wò lẹ́yìn rẹ̀. Èrè tí wọ́n rí kò pọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wà.

Ẹ má wí pé àṣà òkèèrè ni o. Akinpelu Obisesan ti Ìbàdàn, àgbẹ̀ kòkó àti olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Lójú ayé, gbajúmọ̀ ni. Nínú ìwé rẹ̀, ó ń dárò gbèsè àti àìlówó lọ́wọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ tirẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ fi Yorùbá kọ tiyín.

Àwa fúnra wa, nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, a kọ ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ìwé títí: ìjì tí ó ká òrùlé, iye ọmọ tí ó wá, ọjọ́ tí alábẹ̀wò dé. A kò kọ ohun kan nípa ara wa rí. Lẹ́yìn tí a fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìjà dé láàárín àwa àti àbúrò wa nítorí ilẹ̀ baba wa. Oorun dá lójú wa. A bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, èébú ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, èébú náà ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin a ka gbogbo rẹ̀, ojú sì tì wá. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀ bí a ti rò. Ohun tí ó ń yọ jáde lójú ewé kọ̀ọ̀kan ni pé àbúrò wa kò wá kí wa nígbà tí ìyá àwọn ọmọ wa ń ṣàìsàn. A kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni egbò náà wà! A lọ bá a, èyí nìkan ni a sì sọ. Ó ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun pé ó ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò tíì parí títí di òní, ṣùgbọ́n a ti jọ ń jẹun.

Báwo ni ẹ ó ti ṣe é? Ẹ ra ìwé olówó pọ́ọ́kú kan. Ẹ mú ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀ tí ilé máa ń dákẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti oṣù sókè, kí ẹ sì kọ̀wé bí ẹ ti ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá mọ bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ kan, bí ó ti dún létí yín ni kí ẹ kọ ọ́. Kò sí olùkọ́ tí yóò máàkì í. (Àwa tí a fi yíǹkì pupa da àwọn ọmọ láàmú tó bẹ́ẹ̀ ni a ń sọ ọ́!) Ìlà márùn-ún tó. Ẹ kọ ohun tí ó dùn mọ́ yín náà.

Ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe dókítà. Bí oorun àti oúnjẹ bá kọ̀ tí wọn kò wá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń kọ ọ́ pé ayé sú yín, ẹ má jẹ́ kí ó mọ sínú ìwé. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù ni pé, bí ọkọ tàbí ọmọ bá rí i kà ńkọ́? Ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Ẹni tí kò ní àpótí, kí ó kọ ọ́, kí ó kà á lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì fà á ya. Ìyá kan nínú kíláàsì wa ní òun kì í fà á ya. Ó ń kọ ọ́ ní alẹ́ tí ọjà ku ọ̀la, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, òun ni ó fi ń dáná ẹ̀kọ.