Gbígba Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Sílẹ̀ Lórí Fídíò: Àwọn Ìṣòro Tó Wọ́pọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Yanjú Wọn

Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Lónìí, bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde ní ilẹ̀ Kétu, fóònù tí a nà sókè lójú agbo kì í ṣe kékeré. Fídíò wá pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí olùwádìí lè lò kò tó nǹkan.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe ijó nìkan. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, ọ̀rọ̀ ni ọba: ìjúbà, ìwúre, ìtàn, àti ẹ̀fẹ̀ tí a fi ń bá ìlú wí. Bí ọ̀rọ̀ orin kò bá yé ẹni tó ń wo fídíò, ìdajì ohun tí a lọ gbà ti sọnù. Àwọn àgbà tó mọ orin náà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a kò sì lè bẹ olóògbé pé kó tún un kọ. Nítorí náà, ó yẹ ká mọ ìyàtọ̀ láàárín àbùkù tí kọ̀ǹpútà lè tún ṣe àti èyí tí a gbọ́dọ̀ dènà lójú agbo.

Ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú

Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù ni pé ìlù bo orin. Ohun tó fà á ni pé fóònù àti kámẹ́rà kékeré máa ń tún ìwọ̀n ohùn ṣe fúnra wọn. Bí ìyáàlù bá dún kíkan, ẹ̀rọ á rẹ gbogbo ohùn sílẹ̀, orin á sì rì sínú ìlù. Bí ìlù bá dákẹ́, ẹ̀rọ á tún gbé ohùn sókè, ariwo èrò àti ti jẹnẹrétọ̀ á gba iwájú. Bí ẹ̀rọ yín bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ pa ìtúnṣe yìí, kí ẹ fi ọwọ́ ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Ibi tí ohùn bá ti lágbára jù, kó wà ní nǹkan bí -12 dB, kó má ṣe kan 0 rárá. Ohùn tó bá ti kan 0 ti fọ́, kò sì sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè dá a padà bó ṣe wà.

Ó sàn kí ẹ ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan lọ́tọ̀, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwọn elégbè, kó jìnnà sí ìlù. Fóònù kejì lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí ẹ bá ti pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ìpè má baà dá a dúró. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ fi fóòmù bo máíkì, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá ń lù ú máa ń dún bí aṣọ tó ń ya.

Iná tó ń ṣẹ́jú, àwòrán tó ń ṣókùnkùn lójijì

Ní òru, ìlà dúdú máa ń gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ lójú àwòrán. Kámẹ́rà kọ́ ló bàjẹ́. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń lọ ní 50 Hz, nítorí náà ọ̀pọ̀ gílóòbù ń tàn, ó ń rẹlẹ̀, ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà rí i. Ọ̀pọ̀ fóònù ni wọ́n sì ti tò sí 30 fps láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, èyí tó bá iná 60 Hz ti Amẹ́ríkà mu. Ẹ yí i sí 25 fps, kí ẹ sì fi ìyára ojú kámẹ́rà sí 1/50 tàbí 1/100. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń tan iná, ìwọ̀n 50 yẹn lè má dúró lójú kan. Ẹ dán fìtílà oníbátìrì wò, bí àwọn àgbà agbo bá gbà á láyè.

Ní ọ̀sán, ìṣòro mìíràn ni ti ẹni tó wọ aṣọ funfun tó gba iwájú kámẹ́rà kọjá: gbogbo àwòrán á ṣókùnkùn. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí ẹ bá fi ìka tẹ ojú ère tí ẹ ń wò, tí ẹ kò tètè gbé ìka kúrò, ìmọ́lẹ̀ àti ojú àwòrán á dúró síbẹ̀.

Nígbà tí ẹnu àti ohùn kò bá rìn pọ̀

Fóònù kì í gba iye àwòrán kan náà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, ó lè dín in kù. Ètò tí a fi ń ṣe montage gbà pé iye náà dọ́gba, nítorí náà ohùn á máa rẹ̀yìn tàbí kó máa ṣáájú díẹ̀díẹ̀. HandBrake, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè sọ fídíò náà di oníye kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ẹ tọ́jú ojúlówó rẹ̀ síbẹ̀.

Fún ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ẹ fi í sí 48 kHz. Kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú kámẹ́rà nígbà tí ẹ̀rọ méjèèjì bá ti ń ṣiṣẹ́. Ibi tí àtẹ́wọ́ ti dún ni ẹ ó fi so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá dá ọ̀kan dúró, ẹ tún pàtẹ́wọ́.

Fáìlì tó sọnù

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà máa ń gé fídíò gígùn sí fáìlì 4 GB, pàápàá lórí káàdì tí kò ju 32 GB lọ. Ẹni tó bá ṣa fáìlì kọ̀ọ̀kan kó lè gbàgbé ọ̀kan. Gbogbo fódà inú káàdì ni kí ẹ kó. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé òun kò rí fídíò mọ́ nígbà montage, ó lè jẹ́ pé ẹ ti gbé fódà kúrò níbi tó wà tàbí ẹ ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ dá a padà, yóò rí i. Ẹ má fi fídíò ránṣẹ́ lásán lórí WhatsApp, torí ó máa ń fún un pọ̀. Kéèbù tàbí káàdì ni kí ẹ fi kó o. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn.

Nínú montage

Ẹ má gé orin láàárín gbólóhùn. Bí àwòrán bá mì, ẹ jẹ́ kí ohùn máa lọ, kí ẹ fi àwòrán ọwọ́ onílù tàbí ojú èrò bò ó. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ti ọjọ́ náà gan-an. Fífi ijó èṣí bo orin ọdún yìí láìsọ, irọ́ ni fún olùwádìí.

Ẹ ṣọ́ra fún ètò tó ń yọ ariwo kúrò. Bí ẹ bá lò ó jù, á mú lára ọ̀rọ̀ lọ. Ní èdè tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, ariwo díẹ̀ sàn ju ọ̀rọ̀ tí a kò dá mọ̀ lọ.

Fún àkọlé abẹ́ àwòrán, bí ẹ bá rí àpótí kékeré dípò ẹ, ọ àti ṣ, ẹ fi UTF-8 pa fáìlì náà mọ́, kí ẹ sì lo Noto Sans tàbí Charis SIL. Bó bá jẹ́ ɛ àti ɔ ti ilẹ̀ Benin ni ẹ ń kọ, ẹ kọ ọ́ dé òpin. Ohun tí olórin sọ ní ẹ̀ka èdè rẹ̀ ni kí ẹ kọ, ẹ má sọ ọ́ di ti ìwé.

Kí ẹ tó kúrò lójú agbo

Ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn ìyá àti àwọn àgbà. Ohun tí wọ́n bá ní kí a má gbà, kí a má gbà á. Kí ẹ sì kọ ọjọ́, ìlú, ìdí eré àti orúkọ àwọn tó bá gbà kí a kọ orúkọ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní fídíò àtijọ́ nílé, ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ tàbí Atakpamé, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ nítorí pé àwòrán rẹ̀ kò mọ́. Ẹ kọ́kọ́ mú un wá ká jọ gbọ́ ọ: bí orin inú rẹ̀ bá ṣì yé etí, ó níye lórí.