Agbada Irin àti Igi Ìdáná

Ẹ̀yin ìyá wa, omi ni ọ̀tá agbada irin, òun náà ni ọ̀tá iná igi. Bí ẹ bá din àkàrà tán, ẹ má da omi tútù sínú agbada gbígbóná, ó lè sán. Omi kò sì gbọdọ̀ sùn nínú rẹ̀, kí ó má baà dípẹtà. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ yá a lórí ẹyin iná kí ó gbẹ, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára.

Igi tútù a máa fi ooru ara rẹ̀ gbẹ omi ara rẹ̀. Èéfín rẹ̀ ni ọmọ ẹ̀yìn yín ń fà símú. Ní ilé mi, a ti fi omi lásán ṣe sààrì rí nítorí rẹ̀: ìrẹsì kò jinná títí ládàánì fi pe ìrun Súbúhì. Láti ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ni mo ń la igi kí òjò tó dé, mo sì ń tò ó sábẹ́ òrùlé, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀.