Ẹ̀yin òbí, ẹ yẹ ẹ̀rọ ìgégi ọmọ yín wò

Bí ọmọ yín bá ń fi ẹ̀rọ gégi jẹun, ẹ bi í léèrè: ṣé irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí lé lórí kò ju agbára ẹ́ńjìnnì lọ?

Ẹ́ńjìnnì 40cc, irin íǹṣì 14 sí 16 ló bá a mu. 50cc, íǹṣì 16 sí 18. 70cc, íǹṣì 20 sí 24. Bí irin bá gùn jù, ẹ́ńjìnnì kò ní lè fa ṣéènì dáadáa. Ọmọ yóò máa fi ara tì í, apá àti ẹ̀yìn yóò máa ro ó. Bí orí irin náà bá ṣèèṣì kan igi, ẹ̀rọ lè ta padà sí i lójú tàbí lọ́rùn.

Ẹ tún wo irin eléyín tó ń wa ṣéènì. Bí wọ́n bá yọ eléyín 7, tí wọ́n fi 8 sí i, ṣéènì yóò yára, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lórí igi líle yóò dínkù. Eyín náà gbọ́dọ̀ bá ṣéènì mu. Bí ó bá ti jẹ, ẹ ní kó pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá gé ènìyàn, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gírígírí, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ẹ má da epo sí i o.