Bí mẹ́tẹ́ò bá ní òjò 70%, kí ni wọ́n ń sọ fún wa gan-an?

Láti ìgbà tí fóònù ìgbàlódé ti dé ọwọ́ àgbẹ̀ àti oníṣòwò, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Pọ́bẹ̀ dé Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ wa ló ń wo ojú fóònù kí a tó gbójú sókè wo sánmà. Àwòrán ìkúukùu kékeré kan á wà níbẹ̀, nọ́ńbà á sì wà lábẹ́ rẹ̀: 20%, 50%, 70%. Nọ́ńbà yìí ló ń fa awuyewuye. Ẹni tó rí 70% tí òjò kò rọ̀ á ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹni tó rí 20% tó tìtorí ẹ̀ sá láfún síta, tí òjò wá ká a mọ́, á ní mẹ́tẹ́ò ló kó òun sí gbèsè.

Owó ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, a kò lè fi ṣeré. Láfún tí òjò bá pa kí ó tó gbẹ á bu, á dúdú, bí ó bá sì dé ọjà, iye tí oníbàárà bá fẹ́ ni wọ́n máa san. Àgbàdo tí a gbìn sí òjò ẹ̀tàn á jẹrà sínú ilẹ̀, a ó sì tún ra irúgbìn mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí 70% kò jẹ́. Kì í ṣe pé òjò máa rọ̀ fún ìdá 70 nínú 100 ọjọ́ náà. Kì í ṣe pé ìdá 70 nínú ilẹ̀ Kétu ló máa tutù, tí ìyókù á gbẹ. Kì í sì í ṣe pé òjò náà máa pọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bí a bá kó ọjọ́ 10 tí ojú ọjọ́ wọn rí bíi ti ọ̀la jọ, ní ibi kan ṣoṣo tí ẹ dúró sí, òjò máa kán ní 7 nínú wọn, kò ní kán ní 3. Bóyá ọ̀la wà lára 7 tàbí lára 3, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn tó kọ nọ́ńbà náà pàápàá kò mọ̀.

Ohun tí wọ́n sì ń pè ní òjò kéré. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí omi tó wọ inú ìwọ̀n bá ti tó nǹkan bíi mìlímítà 0.2, òjò ti rọ̀ nìyẹn. Ìyẹn lè má tilẹ̀ pa eruku ọ̀nà. Nítorí náà, 90% lè jẹ́ òjò wínníwínní, 30% sì lè jẹ́ àrá àti ìjì tó ń ṣí páànù. Bí òjò yóò ṣe pọ̀ tó, iye mìlímítà ni kí ẹ lọ wò. Mìlímítà 1 jẹ́ omi lítà 1 lórí ilẹ̀ tí òró rẹ̀ jẹ́ mítà 1 tí ìbú rẹ̀ náà sì jẹ́ mítà 1.

Níbo ni wọ́n ti ń rí nọ́ńbà yìí? Ẹ wo ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní ECMWF. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣírò ọjọ́ kan náà léraléra. Lónìí, ẹ̀ẹ̀mọ́kànléláàádọ́ta (51) ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n á sì yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sẹ́ni tó lè wọn gbogbo afẹ́fẹ́ ayé tán. Bí 36 nínú 51 bá mú òjò wá, ó ti tó 70% nìyẹn. Ó dà bí ẹni pé a bi àgbà 51 léèrè, a sì ka iye àwọn tó ní òjò ń bọ̀.

Ẹni tí kò bá lóye nọ́ńbà náà kò dá wà. Ní ọdún 2005, Gerd Gigerenzer, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n bi àwọn ará ìlú Amsterdam, Athens, Berlin, Milan àti New York ohun tí òjò 30% túmọ̀ sí. New York nìkan ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti gbà á. Ní ìlú mẹ́rin yòókù, ọ̀pọ̀ wọn rò pé ìdá 30 ọjọ́ náà tàbí ìdá 30 ilẹ̀ náà ni. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1965 ni wọ́n ti ń gbọ́ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè wọn. Ojú wọn ti mọ́ ọn.

Tiwa tún le díẹ̀, nítorí òjò àrá tiwa lè má fẹ̀. Ó lè rọ̀ ní ọjà kí oko tó wà ní kìlómítà 5 sí ibẹ̀ gbẹ táútáú. Ẹ tún wo àkókò tí nọ́ńbà náà wà fún. 30% fún wákàtí kan kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú 30% fún odidi ọjọ́. Bí wọ́n bá sì ní 50% ní Sátidé, 50% ní Sọ́ńdè, ẹ má ṣe rò ó pọ̀ di 100%. Ẹ ju ẹyọ owó 100 sẹ́ẹ̀fà méjì sílẹ̀: orí lè yọ nínú méjèèjì, tàbí nínú èkíní nìkan, tàbí nínú èkejì nìkan, tàbí kí ó má yọ rárá. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ní orí, ìyẹn 75%. Bẹ́ẹ̀ ni ti òjò ọjọ́ méjèèjì, bí èkíní kò bá fa èkejì.

Kí wá ni ká fi nọ́ńbà náà ṣe? Ohun tí a máa pàdánù la ó gbé kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ká sọ pé yíyá ọ̀rá ńlá tí a ó fi bo láfún jẹ́ 500 sẹ́ẹ̀fà, tí láfún tó máa bàjẹ́ bí òjò bá pa á jẹ́ 5,000. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni 500 nínú 5,000. Nítorí náà, bí òjò bá ti ju 10% lọ, bíbo rẹ̀ ló lérè, kódà bí ọ̀pọ̀ ọjọ́ bá kọjá tí òjò kò rọ̀. Ẹni tó rí 20% tó ní "ó kéré" kò tíì ṣírò owó rẹ̀. Ẹni tó kàn ń lọ kí àna rẹ̀ lórí alùpùpù lè rí 20% kan náà kó máa lọ. Bí aṣọ bá tutù, á gbẹ.

Ti gbígbin àgbàdo yàtọ̀, nítorí òjò ọjọ́ kan kò tó. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sábà máa ń retí nǹkan bíi mìlímítà 20 láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ọ̀dá gígùn má sì tẹ̀ lé e. 80% tó wà fún mìlímítà 2 kò yẹ kó mú ẹnikẹ́ni gbé irúgbìn lọ sóko.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fóònù yín ń sọ òótọ́, ọjọ́ kan kò lè dá a lẹ́jọ́, àfi bí ó bá kọ 0% tàbí 100%. Ẹ fi èédú fa ilà sára ògiri ní gbogbo ọjọ́ tó bá kọ 30%, kí ẹ sì fi àmì sí èyí tí òjò rọ̀ ní àgbàlá yín. Bí ilà bá pé 30, tí àmì jẹ́ 8, 9 tàbí 10, ó mọ ohun tó ń sọ. Bí ó bá jẹ́ 20, ẹ wá òmíràn.