Ẹsẹ̀ Ló Ṣẹ́, Kí Ló Dé Tí Mímí Ń Nira?

Orí àkàbà níbi ilé kíkọ́, inú magazzino, orí kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń jẹun. Ká má rí ìjàǹbá o, ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ohun tó lè tẹ̀lé ẹsẹ̀ tó ṣẹ́.

Ní 1873, dókítà elédè Jámánì kan, Ernst von Bergmann, kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tó já láti orí òrùlé, tí egungun itan rẹ̀ fọ́. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, mímí dogun, kò mọ nǹkan kan mọ́, lẹ́yìn náà ó kú. Itan ló fọ́, báwo ló ṣe wá kan ẹ̀dọ̀fóró?

Ẹ̀yin ọmọ, ṣebí ẹ máa ń fọ egungun ẹran jẹ? Mùdùnmúdùn tí ẹ ń fà mu nínú rẹ̀ (àwọn ará Milano náà fẹ́ràn rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń yangàn nínú ossobuco), ọ̀rá ló pọ̀ níbẹ̀. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Giulio Bizzozero, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Torino níkẹyìn, ló fi hàn ní 1868 pé inú mùdùnmúdùn ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, iṣan ẹ̀jẹ̀ kún ibẹ̀. Bí egungun itan, ojúgun tàbí ìbàdí bá ṣẹ́, iṣan wọ̀nyí á ya, ẹ̀kán ọ̀rá á wọlé, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ dí àwọn iṣan ẹ̀dọ̀fóró tó tín-ín-rín bí irun. Òmíràn á dé ọpọlọ àti awọ ara. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í ṣe nǹkan kan. Lára díẹ̀, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ó ń di àìsàn ńlá. Ó lè ṣe ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé egungun ṣẹ́, nígbà tí mùdùnmúdùn bá bàjẹ́ lásìkò ìrora.

Èémí á máa yára. Àmì pupa wínníwínní lè yọ láyà, lọ́rùn àti lábíyá. Lára aláwọ̀ dúdú kì í tètè hàn, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀. Ọkàn á sì dàrú. Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ kàn wá. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Italiano bàbá yín lè rò pé èdè ni kò gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá ẹnu rẹ̀ lẹ máa mọ̀. Bó bá ń bèèrè bóyá Ìbàdàn ló wà, má dúró kí àgbà sọ̀rọ̀ tán, ìwọ ọmọ tó ń ṣe ògbufọ̀. Sọ fún wọn pé: “Papà di solito non parla così. È confuso.”

Kò sí oògùn tó ń yọ́ ọ̀rá náà. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni wọ́n ń fún aláìsàn, nígbà mìíràn ẹ̀rọ á bá a mí, ọ̀pọ̀ sì ń yè é. Bí wọ́n bá tètè to egungun náà, ewu ń dín kù. Èmi kò bú teguntegun wa, wọ́n mọṣẹ́, ṣùgbọ́n itan tó ṣẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fà tàbí tí à ń wọ́ nílé. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ náà kiri, ẹ pe 112.

Ẹni tí kò ní ìwé ńkọ́? Kó lọ! Òfin 286 ti 1998, abala 35, kò gbà kí ọsibítù fi í sun ọlọ́pàá nítorí pé ó wá gbàtọ́jú, àfi ọ̀ràn tí wọn ìbá fi ọmọ Ítálì náà sùn fún. Nọ́ńbà STP ni wọn yóò fún un.