Àfarawé Àyíká Flip-flop fún Mímọ Ìyàtọ̀ Láàrin Ìgbì Iná Méjì

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé àyíká iná kan kí a tó kàn án, àti ìdí tí àfarawé náà fi lè tan ni jẹ.

Flip-flop jẹ́ àyíká iná tí ó ní ipò méjì péré, títàn àti pípa. Kì í sì í kúrò nínú èyí tí ó bá wà àfi bí àmì bá dé. William Eccles àti F. W. Jordan ni ó hùmọ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1918. Bí a bá so méjì pọ̀, a lè fi wọ́n mọ èwo nínú ìgbì méjì ni ó ṣáájú. Ìgbì kìn-ín-ní a tan ọ̀kan, ìgbì kejì a tan èkejì. Bí méjèèjì bá ti tàn, àyíká kékeré kan tí ó ń ṣọ́ wọn yóò pa wọ́n pọ̀. Àkókò tí ọ̀kan fi dá tàn ni ìyàtọ̀ tí à ń wá. Ọgbọ́n yìí wà lára ohun tí ó ń mú kí rédíò dúró lórí ìgbì tí a yí i sí.

Ṣùgbọ́n kò sí flip-flop tí ó ń yí padà láìpẹ́ rárá. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ó ń pẹ́ náńósẹ́kọ́ǹdì 1, èyíinì ni ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ìgbì bá ń yí nígbà mílíọ̀nù 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìdádúró náà jẹ́ dígíírì 0.36 péré nínú 360. Bí ó bá di mílíọ̀nù 100, ìdádúró kan náà di dígíírì 36.

Wàhálà méjì ni ó ti ibẹ̀ wá. Bí ìyàtọ̀ bá kéré jọjọ, àmì kò ní ráyè ga tó kí a tó pa á. Àyíká náà yóò dákẹ́ bí ẹni pé ìyàtọ̀ kò sí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ a máa fi dídá pípa náà dúró díẹ̀ wò ó sàn. Oògùn yìí ni ó bí èkejì: ìgbì tí ó bá dé nígbà tí pípa ń lọ lọ́wọ́ kò ní di kíkà, a sì lè pe èyí tí ó ṣáájú ní èyí tí ó kẹ́yìn.

SPICE, ètò kọ̀ǹpútà tí Laurence Nagel àti Donald Pederson gbé kalẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley ní 1973, lè fi wàhálà méjèèjì hàn. Ṣùgbọ́n bí a bá júwe flip-flop fún un bí ohun tí kì í pẹ́, wọn kò ní yọjú rárá. Nítorí náà, ẹ kọ ìdádúró sínú àfarawé. Ẹ jẹ́ kí àlàfo ìṣirò kéré ju ìyàtọ̀ tí à ń wá. Kí ẹ sì máa mú ìgbì yára sí i títí àyíká náà yóò fi ṣìnà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó sàn kí ó bá a lórí kọ̀ǹpútà ju kí ó bá a nínú ẹ̀rọ tí a ti kàn tán.